Igbó tí ẹnikẹ́ni ò kà, ta ló ń sùn nínú ẹ̀?

Ilẹ̀ kan wà níwájú ilé tí mò ń gbé ní Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gùṣì, kò jìnnà sí títì Kúsẹnlá. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń rí i. Kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ ju koríko, òkìtì yanrìn kan àti yàrá pákó tí bàbá àgbàlagbà kan ń sùn sí. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Kánádà ni ẹni tó ni ín ń gbé.

Lọ́jọ́ kan mo yà sọ́dọ̀ bàbá. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, ṣé àkọlé yẹn ò tó ni, tí wọ́n tún fi ní kẹ́ ẹ máa jókòó síbí tọ̀sán-tòru?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Lọ́yà, ṣé ọ̀dà ló máa lé ọmọ onílẹ̀ ni? Ilẹ̀ tí ẹnì kankan ò bá sùn sí, wọ́n á tà á. Wọ́n á tún tà á fún ẹlòmíì. Èmi yìí gan-an ni ìwé ilẹ̀ yìí.”

Ìmọ̀ òfin ni mo kà ní yunifásítì. Mo lè ka Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún bàbá, mo sì lè fi òfin ààbò dúkìá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2016 nítorí àwọn ajagungbalẹ̀ tì í lẹ́yìn. Àmọ́ gbogbo àwa tá a ń gbé apá Lẹ́kí yìí la mọ̀ pé bàbá ló sọ òótọ́. Ìwé lè sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ló ń sọ ẹni tó máa lò ó.

Ọmọ Ìgbẹ́tì ni bàbá, ní Òkè-Ògùn. Ìyẹn ló mú mi rántí ilẹ̀ mìíràn tó wà létí ìlú wọn, ilẹ̀ tó tóbi ju gbogbo ẹ̀sítéètì Lẹ́kí àti Àjáh pọ̀ lọ, tí ìwé ẹ̀ pé pérépéré. Old Oyo National Park ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ló ń sùn síbẹ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti lọ sí Lekki Conservation Centre níwájú Chevron. Ẹ ti gun afárá orí igi tó gùn tó mítà 401, ẹ ti ya fọ́tò, ọ̀bọ ti já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì nínú yín. Ibẹ̀ dáa, èmi náà máa ń lọ. Àmọ́ hẹ́kítà 78 péré ni gbogbo ẹ̀. Old Oyo National Park fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 onígun mẹ́rin. Tí ẹ bá gbé e lé ìpínlẹ̀ Èkó lórí, ó máa bo nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe igbó kìjikìji bíi ti ìsàlẹ̀ Oǹdó o. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni: koríko tó ga ju èèyàn lọ nígbà òjò, igi káàkiri, òkè olókùúta, ẹfọ̀n, ọ̀bọ, àti oríṣiríṣi ẹran tó ń jẹ koríko. Odò Ògùn gba inú ẹ̀ kọjá. Odò yẹn náà ló ń ṣàn bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, tí ilé iṣẹ́ omi Ìjú àti Àdìyàn ń fà fún ará Èkó. (Kì í ṣe fún àwa ará Lẹ́kí ṣá. Àwa ń bá omi boríhóòlù tó ń pa aṣọ funfun láró fà á.)

Bí ìyàwó tuntun bá gbé fọ́tò sórí Instagram, a ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó dára bí egbin. Mélòó nínú wa ló ti fojú rí egbin rí? Ẹran ọ̀dàn ni. Àwọn bàbá wa rí i, ẹwà ẹ̀ wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sọ ọ́ di àfiwé. Àwa jogún àfiwé, a ò mọ ẹran.

Ẹ má sì rò pé Ọlọ́run kàn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lófìfo bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìlú ńlá ló wà níbẹ̀. Inú ọgbà yìí ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́, ibi tí àwọn Aláàfin ti ń pàṣẹ dé ìlú òkèèrè. Ogun ló tú u ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Èèyàn sá lọ, koríko bo ojúde, ẹranko padà wá. Igi oṣè ńláńlá tó wà nínú ahoro yẹn títí dòní, ibi tí èèyàn ti gbé rí ló sábà máa ń hù sí. Ní 1936 ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ ya apá Upper Ogun sọ́tọ̀, ti Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀ lé e ní 1941. Wọ́n sọ méjèèjì di ọgbà ẹranko ní 1952, ìjọba àpapọ̀ sì pa wọ́n pọ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Èyí túmọ̀ sí pé ọgbà yìí ti yí ọwọ́ padà rí. Ọwọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló máa ń bọ́ sí.

Ní ti ìwé, a ò ní ìṣòro. Òfin National Park Service wà láti 1999: ẹ ò gbọdọ̀ dẹ ọdẹ níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ da ẹran wọ̀ ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ dáná sun ún. Abala 20 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko ìgbẹ́. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ abala 6, ìlà kẹfà, gé e lẹ́sẹ̀: ilé ẹjọ́ ò lè fi orí ìwé yẹn nìkan dá ìjọba lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ ní 2018, nígbà tó ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè gbé NNPC lọ sílé ẹjọ́ lórí epo tó dà sínú odò, bí kì í tiẹ̀ ṣe ilẹ̀ tiwọn. Ọ̀dà pupa ni gbogbo ìwọ̀nyí ṣì jẹ́. Ní 2020 pàápàá, ìjọba fọwọ́ sí ọgbà mẹ́wàá tuntun, tí méje wá di 17. Fẹ́ǹsì pọ̀ sí i. Mẹ́gáàdì ńkọ́?

Ohun tó ń fi hàn pé ẹnì kan ń sùn nínú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni kíkà. Mo mọ̀ pé ìwádìí máa ń dún létí bí ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe kí wọ́n lè gba oyè. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná.

Ẹranko kì í tò sórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé. Àwọn onímọ̀ máa ń fa ìlà gbọọrọ lórí máàpù, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ kùtùkùtù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹran tí wọ́n bá rí, wọ́n á kọ irú ẹ̀ sílẹ̀, iye ẹ̀, àti bó ṣe jìnnà sí ìlà tó. Èyí tí wọn ò rí ńkọ́? Ìṣirò ló máa wá ìyẹn. Ẹran tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣòroó rí ju èyí tó wà nítòsí lọ, nítorí náà bí iye tí wọ́n rí ṣe ń dín kù bí ó ṣe ń jìnnà ló máa jẹ́ kí wọ́n díwọ̀n iye tó fara pamọ́. Wọ́n tún máa ń de kámẹ́rà mọ́ igi, ẹranko tó bá gba iwájú ẹ̀ kọjá lóru á ya fọ́tò ara ẹ̀. Wọ́n máa ń ka ìgbẹ́ erin. Wọ́n máa ń tọ ipasẹ̀ kìnnìún lójú ọ̀nà eléruku. Ẹ̀ẹ̀kan péré ò sì ní ìtumọ̀ kan dàbí alárà. Ìgbà tí wọ́n bá rin ìlà kan náà lọ́nà kan náà fún ọdún mélòó kan ni wọ́n tó lè sọ pé ẹfọ̀n ń pọ̀ tàbí ó ń tán.

Ẹ tún wo ohun tó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń rin ìlà láàárọ̀ á rí àgọ́ tí ẹnì kan pa lánàá. Á rí eérú, ọta ìbọn, ipa ọ̀kadà níbi tí ọ̀nà ò sí. Kámẹ́rà tó wà fún ẹkùn á ya ẹni tó gbé AK. Tí ẹ bá gba ìwé àti bírò lọ́wọ́ àwọn tó ń ka ẹranko, ẹ ti fọ́ ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó nìyẹn.

Philipp Henschel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá kìnnìún lọ sí ọgbà 21 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2014 ni wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde. Mẹ́rin péré nínú 21 ni kìnnìún kù sí: ọgbà ńlá tó pa Benin, Burkina Faso àti Niger pọ̀, Niokolo-Koba ní Senegal, àti méjì tiwa, Kainji àti Yankari. Gbogbo kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lápapọ̀, wọ́n díwọ̀n ẹ̀ sí 406. Wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí olóòótọ́: ó lè jẹ́ 273, ó lè tó 605. Àwọn tó ti dàgbà débi à ń bímọ nínú wọn ò tó 250. Èèyàn tó ń wọ ilé ijó kan ṣoṣo létí òkun Ẹlẹ́gùṣì lọ́jọ́ Sunday pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìwé yẹn kì í ṣe iye kìnnìún. Ó jẹ́ ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàárín ọgbà tó ṣì ní kìnnìún àti èyí tí kò ní mọ́. Èyí tó ṣì ní tóbi jù, owó tí wọ́n sì ń ná lórí àbójútó ẹ̀ pọ̀ jù ní gedegbe. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Owó oṣù, epo bẹntiróòlù, bàtà, rédíò.

Kódà iná fẹ́ ẹni tó máa wà níbẹ̀ lásìkò. Ọ̀dàn gbọ́dọ̀ jó, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá dáná sí koríko ní ìparí oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá, nígbà tí ìdí ẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, iná náà á rọra jó, á ku ibi kan sílẹ̀, ewéko tútù á hù fún ẹfọ̀n àti egbin nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe é, ó di oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, gbogbo nǹkan ti gbẹ fọ́nfọ́n, ọdẹ á dáná kí ẹran lè sá jáde, darandaran á dáná kí koríko lè rú, iná yẹn á sì pa igi kéékèèké títí kan ẹyin ẹyẹ. Ẹ ò rí i? Iná máa jó lọ́nà kan tàbí òmíràn. Tiwa tàbí ti ẹlòmíì ló kù.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Kainji, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ẹranko nìkan. Òun ni ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà dá sílẹ̀, ó wà láàárín ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara, ó fẹ̀ tó kìlómítà 5,341 onígun mẹ́rin, ó tóbi ju ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ní New Bussa tó wà létí ẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní àbójútó ẹranko ìgbẹ́ wà. Nígbà tí Henschel àti àwọn èèyàn ẹ̀ débẹ̀, wọ́n ṣì díwọ̀n kìnnìún ibẹ̀ sí bí 32.

Ní 2024, ilé iṣẹ́ ìwádìí Clingendael ní Netherlands gbé ìwé jáde pé àwọn agbébọn ẹlẹ́sìn láti apá Sahel ti ń fìdí múlẹ̀ nínú Kainji. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò kà á sí. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nuhu Ribadu tó jẹ́ olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò kéde pé wọ́n ti mú àwọn olórí Ansaru méjì. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Mamuda, inú àti àyíká ọgbà Kainji lòun àti ikọ̀ ẹ̀ fi ṣe ibùgbé, títí dé ààlà Benin. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Ọgbà tí òfin ní kí ènìyàn má gbé, àwọn kan ń gbé e. Wọ́n sùn síbẹ̀. Apá kan Kainji wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kaiama ní Kwara, Kaiama ò sì jìnnà sí Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè-Ọya nìkan ni, kó tún máàpù wò.

Ẹnì kan lè ní ṣé owó àti ìwádìí ló máa dá ìbọn dúró ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní Pendjari, lórílẹ̀-èdè Benin, àjọ African Parks gba àbójútó ọgbà náà lọ́wọ́ ìjọba ní 2017, pẹ̀lú owó tó jọjú. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí arìnrìn-àjò Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa Fiacre Gbédji tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ọgbà W tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kíkà ẹfọ̀n máa lé Al-Qaeda lọ. Àmọ́ nígbà tí ogun dé, Benin ti ní àwọn tó mọ igbó náà, tó ń rìn ín, tó lè sọ ibi tí ọ̀tá gbà wọlé. Ní tiwa, ìwé tí wọ́n kọ ní Netherlands ló la ọ̀pọ̀ wa lóye nípa ilé ara wa. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé Nàìjíríà ò lè ṣe é. Yankari ní Bauchi kéré sí Old Oyo, kìlómítà 2,244 onígun mẹ́rin ni. Láti 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi àti àjọ WCS ni wọ́n jọ ń bójú tó o. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń rìn, ẹ̀rọ ọwọ́ wọn ń kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ọ̀gá wọn sì lè wo máàpù kó mọ ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé lóṣù yẹn. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àwọn erin kan lọ́rùn kí wọ́n lè mọ̀ tí wọ́n bá ń sún mọ́ oko olóko. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún erin ló kù níbẹ̀, àjọ náà sì ní láti 2015 kò sí ẹni tó tíì rí ọ̀kan pa nínú ọgbà náà.

Mo ní ìfura kan ṣá o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá mú dọ́là wá la gbọ́dọ̀ kó kọ́kọ́rọ́ fún. African Parks fúnra wọn gbà ní 2025 pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn ti hùwà ìkà sí àwọn ẹ̀yà Baka ní Odzala-Kokoua, orílẹ̀-èdè Congo. Àwọn agbẹ̀ àti ọdẹ Ìgbẹ́tì, Tedé àti Ṣẹ́pẹ̀tẹ́rí kì í ṣe ọ̀tá igbó. Bàbá mẹ́gáàdì wa sọ fún mi pé ọdẹ ni bàbá tó bí òun, pé tó bá wo ẹsẹ̀ ẹran nínú ẹrẹ̀, ó lè sọ bóyá ó lóyún. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká gbà síṣẹ́ kó máa rin ìlà, ká sanwó fún un, kí ọmọ yunifásítì Ìbàdàn àti LAUTECH dúró tì í pẹ̀lú ìwé. Ẹni tẹ́ ẹ bá lé kúrò létí igbó, tí ẹ ò fún níṣẹ́, ẹlòmíì máa fún un.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé kí ló kan Lẹ́kí. Ní oṣù keje ọdún 2021, Lẹ́kí wa yìí gan-an làwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti ká àwọn àjèjì mẹ́ta mọ́ pẹ̀lú ìpẹ́ akika tó ju tọ́ọ̀nù 17 lọ àti eyín erin tó tó kílò 870. Iye owó tí wọ́n dá lé e ju bílíọ̀nù 22 náírà lọ. Ẹ̀sítéètì tó ní géètì, tó ní síkiúrítì, tó máa ń bi àwa àlejò pé ilé ta la ń lọ. Ẹranko tí wọ́n pa nínú igbó tí kò ní mẹ́gáàdì, inú ilé tó ní mẹ́gáàdì ni wọ́n kó o pamọ́ sí. Ilé aṣòfin àgbà ti fọwọ́ sí àbádòfin tuntun ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, èyí tó lè sọ ìjìyà irú òwò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó dáa. Ọ̀dà pupa tuntun nìyẹn, ó dán ju ti tẹ́lẹ̀.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn lọ, torí ẹnikẹ́ni nínú yín lè lò ó láìgba lọ́yà: òfin òmìnira láti gba ìròyìn, tí wọ́n ṣe ní 2011. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Mo ti kọ tèmi sí àjọ National Park Service lọ́sẹ̀ yìí, ojú ìwé kan péré. Mo béèrè ọdún tí wọ́n ka ẹranko inú Old Oyo National Park gbẹ̀yìn àti èsì ẹ̀, iye ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, iye tí wọ́n ná lórí epo lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tí wọ́n dáná àkọ́kọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, àti iye ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ fi sùn nínú ahoro Ọ̀yọ́-Ilé lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Mo ka ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn sétígbọ̀ọ́ bàbá kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní, “Lọ́yà, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Tí wọ́n bá ti dáhùn ìyẹn, ẹ ti mọ èyí tó kù.” Mi ò gbà fún un. Márààrún ni mo fi ránṣẹ́. Tí èsì bá dé, tàbí tí ọjọ́ méje bá pé tí kò dé, ẹ máa kà á níbí.